Ìṣó Tí Ń Dúró De Fìlà

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kí tíì tí mo ń mu láràárọ̀ di omi ọṣẹ sí mi lẹ́nu. Òótọ́ ni láti orí dé ìdí. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ àná kan ń sọ ọ́ ní ìsọkúsọ nílé ọtí tó wà lẹ́yìn pápá Aldershire, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀? Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì etí pápá náà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí òjò ibẹ̀ fi mọ orúkọ mi. Bó bá fẹ́ rọ̀, á kọ́kọ́ kí mi. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀, kí ẹ gba tèmi.

Enoch Hingley ni orúkọ ọkùnrin náà. Abúlé Netherlow ni wọ́n bí i sí, níbi tí ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan ti ní àgbẹ̀dẹ tirẹ̀, tí ọkọ, ìyàwó àti ọmọ jọ ń rọ ìṣó láti òwúrọ̀ títí ojú yóò fi kún fún èéfín. Bí ọmọ bá ń sunkún ní Netherlow, òòlù ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọwọ́ Enoch gùn, ìka rẹ̀ le bí ẹ̀mú, ìka náà ló sì fi di ajubọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde á kọ́kọ́ lọ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Bó bá kan ilẹ̀, á rántí pé òun gbàgbé àpò sílé, á yà sí òsì. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù yí mọ́ onígi, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lójú tó bẹ́ẹ̀ tí onígi fi yí tẹ̀lé e, ó ṣubú, ó sì sùn lọ. Wọ́n ní láti gbé e kúrò.

Ní ayé ìgbà náà, oríṣi ènìyàn méjì ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Aldershire. Àwọn kan ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni: ọmọ onílẹ̀, ọmọ ilé ìwé gíga, tí wọ́n ń ṣeré nítorí pé ó wù wọ́n. Àwọn yòókù ń jẹ́ Alágbàṣe, tí ẹgbẹ́ gbà síṣẹ́ bí a ti ń gba aroko. Àwọn Ọ̀gbẹ́ni ń gba ẹnu ọ̀nà àárín jáde, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn funfun, àwọn obìnrin á sì pàtẹ́wọ́. Àwọn Alágbàṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Wọ́n á wá pàdé láàárín pápá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn, bí ẹni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ Alágbàṣe di ènìyàn: fìlà ẹgbẹ́. Fìlà aláwọ̀ ewé ni, wọ́n fi òwú ya òwìwí funfun sí i níwájú. Ẹ má fòyà, òwìwí tiwọn kì í ṣe ẹyẹ ibi. Kápútéènì nìkan ló ń fi fìlà yìí dé ni lórí, lórí àtẹ̀gùn funfun, níṣojú gbogbo ayé. Kò sí òfin tó sọ ìgbà. Bó bá wù ú, á fún ọ. Bí kò bá wù ú, á máa wò ọ́. Nínú fọ́tò ọdọọdún, àwọn onífìlà á jókòó níwájú, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àwọn tí kò ní á dúró lẹ́yìn, orí wọn á ṣófo, bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ògiri ilé ẹgbẹ́ kún fún fọ́tò wọ̀nyí láti ìgbà tí irùngbọ̀n ń gbalẹ̀. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí Hingley méjì lẹ́yìn, bàbá nínú ti àtijọ́, ọmọ nínú ti ẹ̀yìn rẹ̀, orí lásán méjèèjì.

Josiah ni bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1924. Ẹ mọ̀ pé nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, bí bọ́ọ̀lù bá fara kan igi ẹni, tí aṣọ́lé tó wà lẹ́yìn sì hán an kó tó balẹ̀, onígi ti kú, kó máa lọ sílé. Ní ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù fara kan igi Josiah, aṣọ́lé hán an, ṣùgbọ́n rẹfirí kò rí i. Josiah dúró. Alágbàṣe níbi gbogbo ló ń dúró. Iṣẹ́ ẹni ni iṣẹ́ ẹni, bí rẹfirí kò bá ní o kú, o kò kú. Nígbà tí eré parí, kápútéènì ayé ìgbà náà, Kọ́nẹ́lì Vane, pè é jáde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Hingley," ó ní, "ní Aldershire, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti kú kì í dúró de rẹfirí. Ó ń rìn. Ìwọ dúró bí olè lẹ́nu fèrèsé. Olè kì í dé fìlà wa."

Kò sì dé e títí ó fi kúrò nínú ẹgbẹ́.

Josiah padà sí àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó rọ ni ìṣó kan, gígùn bí ìka, tó fẹ̀ lórí bí òdòdó. Ó kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé wọn. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kọ́ ọ. Fìlà ọmọ mi ni yóò gbé." Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ Enoch nínú ọ̀nà tóóró ẹ̀yìnkùlé. Á ju bọ́ọ̀lù sí i. Bó bá ti fara kan igi báyìí, kódà bó jẹ́ bí afẹ́fẹ́ ló ṣe kàn án:

"Rìn!"

"Bàbá, kò sẹ́ni tó rí i."

"Ìwọ rí i. Rìn!"

Bí Enoch bá dúró, ìgbátí. Ìgbátí alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì kó máà gbọ́n. Kí ọmọ náà tó ní irun lágbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Ogun Hitler dé, ó lọ. Enoch dé láti ojú ogun, ó wọ ẹgbẹ́ Aldershire, ó fẹ́ Dora, ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì, wọ́n bí Maureen. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń dé, tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń pa àwọn onígi Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn bí eṣinṣin. Fìlà kò dé. Àwọn tó dé bá a gbà á. Orí rẹ̀ pọ́n lóòrùn, ó bó, ó tún pọ́n.

Bert Tolley, aṣọ́lé ẹgbẹ́, Alágbàṣe bíi tirẹ̀ tó ti gba fìlà ní tirẹ̀, kì í jẹ́ kó sinmi. "Enoch, kápútéènì ò gbàgbé ẹ o. Ó ń dúró kí orí ẹ jiná ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì tutù."

"Bert, ìwọ tí wọ́n fún ní fìlà kí wọ́n lè mọ ibi tí orí ẹ parí tí ọrùn ẹ bẹ̀rẹ̀."

Nílé, Dora ló ń nu ìṣó náà pẹ̀lú èékísà olóróró kó má bàa dípẹtà. "Bàbá Maureen," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n fi kọ́ọ̀tù mi kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan péré. Òjò ló pa á."

"Dora, má dán an wò."

"Ìṣó náà ń sanwó ilé ni?"

"Bàbá mi ń gbọ́ ọ."

Láti inú yàrá, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró tí eruku irin ti jẹ ti dá a dùbúlẹ̀, Josiah wúkọ́. "Mo ń gbọ́ o, ìyàwó. Fi kọ́ọ̀tù ẹ kọ́ ọrùn mi bó bá wù ẹ́."

Kápútéènì tó wà lórí oyè nígbà yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Aubrey Vane, ọmọ Kọ́nẹ́lì. Ó ga, ó tinrin, ó máa ń bá Alágbàṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀: kò burú, kò dára, ó kàn fẹ́ kó rìn. Ní gbogbo àsè ẹgbẹ́, òun náà á dìde, á gbé ife sókè, á ní, "Ní Aldershire, a kì í dúró de rẹfirí!" Gbogbo tábìlì á hó yèè. Enoch tó jókòó lẹ́bàá ilé ìdáná á pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní, "Bert, o gbọ́? Ohun tí bàbá mi kọ́ mi nìyẹn."

Ní ọdún 1953, Aldershire kò fìdí rẹmi. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wá, wọ́n nà. Eré kan ló kù, pẹ̀lú Thornshire, lórí pápá tiwa. Bí a bá jẹ ẹ́, ife orílẹ̀-èdè di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá koríko. Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, kápútéènì wọ yàrá àwọn Alágbàṣe, ohun tí kì í sábà ṣe. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù tẹ́lọ̀.

"Hingley, jókòó. Ó fẹ́ wọn orí ẹ."

Tẹ́lọ̀ wọn orí Enoch, ó tún un wọn, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Orí kan bí ìkòkò ilé ọtí.

Kápútéènì ní, "Jẹ eré yìí fún mi. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó fi í dé ọ lórí, lórí àtẹ̀gùn funfun."

Enoch sáré délé. Ó kàn na ìka sí ìṣó. Ó sì yé Josiah. Ó ní kí wọ́n bá òun wá kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kí wọ́n gbé òun lọ sí pápá, bí òun bá máa kú sójú ọ̀nà, kí wọ́n máa ti òun lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ eré, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó la Enoch lójú. Kápútéènì ló di igi mú. Bọ́ọ̀lù dé, ó fara kan igi rẹ̀. Ìró náà hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin oníwàrà tó wà lóde ọgbà fi gbé etí. Aṣọ́lé Thornshire hán bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn kígbe. Kápútéènì wo ojú ọ̀run, bí ẹni pé ó ń ro bóyá òjò máa rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀. Rẹfirí ọjọ́ náà, Purslow, Alágbàṣe ni òun náà kó tó dàgbà. Ó sì mọ̀ pé kápútéènì méjèèjì ló máa ń sọ fún àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣàkóso eré náà bí rẹfirí ṣe ṣe sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ wà. Purslow mi orí. Kò kú.

Lẹ́nu fèrèsé yàrá Alágbàṣe, Bert tutọ́. "Ẹ wo òkú tó ń so bàtà."

Enoch ní, "Bóyá kò gbọ́ ọ."

"Adití ni?"

"Ẹni tó ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé a kì í dúró..."

"Enoch, ìwọ àti ọ̀rọ̀ kápútéènì, ẹ lọ fẹ́ra yín. Màá wá jẹ kéèkì."

Eré náà le. Enoch ju bọ́ọ̀lù títí èjìká rẹ̀ fi wú. Ìdajì onígi Thornshire, òun ló rán wọn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìgbà tó tún kan àwa láti fi igi gbá a, àwọn èèyàn wa ń kú tẹ̀léra. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, Bert wà lẹ́nu igi, ẹni tó kẹ́yìn sì ni Enoch, tí kò mọ igi dì mú ju bí ìyá àgbà ṣe ń di agbòjò mú lọ. Ayò méjì ló kù kí a jẹ. Bí Enoch bá kú, ó parí. Lábẹ́ igi óákù, Josiah jókòó sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e nínú oòrùn, Dora dúró tì í, Maureen wà lórí itan rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, kápútéènì mú fìlà lọ́wọ́. Enoch rí i láti ibi tó wà. Àwọ̀ ewé, òwìwí funfun.

Bọ́ọ̀lù dé. Enoch na igi sí i. Ìró tó jáde kéré ju ti eṣinṣin tó bà lé búrẹ́dì lọ. Ọwọ́ Enoch nìkan ló mọ̀. Aṣọ́lé hán an. Thornshire kígbe, àmọ́ igbe náà kò dúró dáadáa, bí ẹni tó ń bèèrè ju ẹni tó mọ̀ lọ. Purslow kọ etí sí afẹ́fẹ́. Ó mi orí.

"Kò kú!"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn hó. Wọ́n ju fìlà sókè. Ayò méjì ló kù, Enoch ṣì wà láàyè.

Ó wo abẹ́ igi óákù. Josiah kò gbé ọwọ́, kò la ẹnu. Kò nílò rẹ̀. Ọdún tí Enoch ti ń gbọ́ "Rìn!" pọ̀ ju ọdún tó fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ó sì rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé fìlà tí wọ́n fi du bàbá òun nítorí pé ó dúró, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi du òun bí òun bá rìn. Ó ti igi bọ abíyá.

Bert kígbe láti òdìkejì. "Enoch! Níbo lò ń lọ? Ó ní o ò kú!"

"Ó kàn mí, Bert."

"Ta ló bi ẹ́? Mo ní ta ló bi ẹ́? Padà síbí, orí màlúù!"

Kò padà. Bẹ́ẹ̀ ni ife náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa. Kápútéènì Thornshire ṣí fìlà tirẹ̀ bí Enoch ṣe ń kọjá. Kí ẹ rí nǹkan: ní gbogbo ìgbésí ayé Enoch lórí pápá, fìlà ẹlòmíràn ni wọ́n ṣí fún un.

Ọkàn rẹ̀ gbé e débi pé kò rántí ẹnu ọ̀nà kékeré. Tààrà ló kọrí sí àtẹ̀gùn funfun, ó ti tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan dé lórí. Kápútéènì sọ̀ kalẹ̀ pàdé rẹ̀.

"Hingley. Ta ló ní kí o kúrò níbẹ̀?"

"Ó fara kan igi mi ni, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó fara kan igi. Rẹfirí ní o kú?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà. Bàbá yín ti sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ ní ní Aldershire a kì í dúró de rẹfirí."

"Àwa!" Ojú kápútéènì pọ́n. "Àwa ni mo sọ. Ọ̀gbẹ́ni lè fi eré tọrẹ, tirẹ̀ ni. Ìwọ, ẹgbẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o dúró. Ta ló fún ọ láṣẹ láti fi nǹkan ẹgbẹ́ ṣe ọmọlúàbí?"

Enoch na ìka sí abẹ́ igi óákù. "Sà, wọ́n fi fìlà du bàbá mi nítorí pé ó dúró."

"Ó yẹ kí bàbá rẹ rìn."

"Èmi wá ńkọ́, sà?"

"Ó yẹ kí ìwọ dúró." Ó wo bàtà Enoch lórí àtẹ̀gùn. "Àti pé ẹnu ọ̀nà yín kọ́ nìyí."

Enoch yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n oníwèé ìròyìn ti dé pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò, fìlà wà lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì ń wò. Ọ̀gbẹ́ni Piers Lascombe dúró nítòsí, ọmọ ilé ìwé gíga kan tó wá bá wa ṣeré nígbà ìsinmi, tó jẹ́ pé kò tíì mọ ibi tí a ń kó bàtà sí. Kápútéènì gbé fìlà, ó fi dé e lórí. Orí Enoch ni wọ́n fi rán fìlà náà. Ó já wálẹ̀, ó bo ojú Lascombe, ó dúró lórí imú. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bert rí i láti ẹnu fèrèsé kékeré. Ó yọ fìlà tirẹ̀, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú àpótí. "Ẹni tó lórí kò ní fìlà," ó ní, "ẹni tó ní fìlà kò lórí."

Enoch ló ti kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n dé orí afárá odò tí ọkọ̀ èédú ń gbà kọjá.

"Kí ló sọ?" Josiah bi í.

"Ó ní ó yẹ kí n dúró."

Josiah bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ gbé e jù sọ́tùn-ún sósì, Dora di kẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Èmi dúró, wọ́n ní n kò rìn. Ìwọ rìn, wọ́n ní o kò dúró. Ọmọ mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ń wò."

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. "Mo fi ìgbátí kọ́ ọ ní ohun tí kò lérè. Má bínú sí mi."

Enoch kò fèsì. Ó kàn ń ti kẹ̀kẹ́. Inú ń bí i, ta ni inú kò ní bí? Ó rò pé òun ṣì máa dá a lóhùn bí ó bá yá. Kò yá. Ìgbà òtútù ọdún náà pa Josiah, èsì náà sì há sí Enoch lọ́nà ọ̀fun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ kò gbà á síṣẹ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀wọ̀n irin ló lọ, ó ń fi ìka tó ń yí bọ́ọ̀lù gbé irin gbígbóná. Ó sin ẹyẹlé. Kò tẹ pápá náà mọ́. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá kan ibẹ̀, á gba ẹ̀yìn itẹ́ òkú yí i ká. Dora dàgbà, ó kú. Kò fi kọ́ọ̀tù kọ́ ìṣó náà rí.

Àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù pa Ọ̀gbẹ́ni àti Alágbàṣe rẹ́, wọ́n ní gbogbo wọn ti di agbábọ́ọ̀lù lásán. Wọ́n fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà kékeré. Enoch sì di arúgbó tí irun kò sí lórí rẹ̀ mọ́, èyí tó jẹ́ kí orí náà tún tóbi sí i.

Nígbà náà ni Maureen, tó ti di ìyá ọlọ́mọ, tó sì ń ta tíì nínú pápá, wá bá a pẹ̀lú ariwo. "Bàbá! Ẹgbẹ́ ń ṣe ọjọ́ ìrántí. Wọ́n fẹ́ fún gbogbo àgbà tí kò gba fìlà ní fìlà. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí."

"Ta ni wọ́n?"

"Alága ni. Sà Piers Lascombe."

Enoch rẹ́rìn-ín. Ọdún ti pẹ́ tí Maureen ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, kò sì dùn ún gbọ́. "Ó dáa," ó ní. "Bá mi lọ súwẹ́tà."

Wọ́n dé ibẹ̀. Lára ògiri ilé ẹgbẹ́, wọ́n ti ya àwòrán ńlá kan: ọkùnrin tó ti igi bọ abíyá, tó ń rìn lọ. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: NÍBÍ, A KÌ Í DÚRÓ DE RẸFIRÍ. Enoch ni. Ayàwòrán, tí kò mọ̀, ti fi fìlà ẹgbẹ́ dé e lórí.

"Ó jọ yín, Bàbá," Maureen ní.

"Láti ọrùn wálẹ̀," Enoch ní.

Sà Piers dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sanra, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí bọ́tà. Ó ń sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí Enoch Hingley ṣe rìn lọ́dún náà, bí ojú gbogbo wọn ṣe kún fún omijé nítorí ìwà ọmọlúàbí, bí kápútéènì Vane, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣe fi ọwọ́ gbá a mọ́ra. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́. "Bàbá wa àgbà, Enoch Hingley, ẹ máa bọ̀ wá gba fìlà yín!"

Enoch jókòó. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ó jókòó.

"Bàbá, wọ́n ń pè yín," Maureen sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ dìde, ẹ rìn."

"Mo ń dúró de rẹfirí," Enoch ní, ó sì sọ ọ́ sókè.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà tán, ó ṣì jókòó. Sà Piers ló wá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé fìlà tuntun dání.

"Ẹ ṣeun, sà," Enoch ní. "Ti bàbá mi ńkọ́? Josiah Hingley. Òun náà wà nínú fọ́tò."

"Àwọn tó wà láàyè nìkan ni, bàbá. Àti pé a gbọ́ pé òun, ẹ má bínú, ó dúró."

"Ó dúró." Enoch mi orí. "Tèmi gan-an dà? Èyí tí wọ́n fi orí mi wọ̀n?"

Ojú ti Sà Piers díẹ̀, kí a má purọ́. "Ó tóbi fún mi. Ajá mi ló fi sùn títí ó fi kú."

"Ajá yẹn ṣeun. Ó kéré tán, ẹnì kan gbádùn rẹ̀." Ó gba fìlà tuntun, ó fi kan orí ara rẹ̀. Fìlà náà jókòó sórí rẹ̀ bí ife lórí ìkòkò. Ó bọ́ ọ, ó dìde, ó fi dé Sà Piers lórí. Ó bá a mu rẹ́gí. "Ẹ wò ó," Enoch ní, "ó ti bọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́."

Ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà kékeré. Bíríkì ló bá níbẹ̀. Ó dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan bíríkì náà, ó wá yí gbogbo pápá ká títí ó fi rí ibòmíràn jáde.

Maureen, ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, fi ọgbọ́n gba fìlà náà padà. Nígbà tí Enoch sùn, ó fi í kọ́ ìṣó. Ó ní, bó pẹ́ bó yá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìṣó ṣófo. Ó wá inú ilé títí, kó tó bá fìlà nínú ilé ẹyẹlé. Abo ẹyẹlé aláwọ̀ eérú kan ti kó sínú rẹ̀, ó ń sàba.

Inú bí i. "Bàbá, ṣebí torí fìlà yìí ni bàbá àgbà ṣe kan ìṣó! Kí lẹ fẹ́ kí ó gbé?"

Enoch ń fọ́n oúnjẹ fún àwọn ẹyẹ. "Jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Èmi rìn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí òun dúró fún mi." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe Maureen ló bá wí: "N kò bínú sí yín mọ́, Bàbá." Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti jẹrà tipẹ́.

Kò pẹ́ tí òun náà fi tẹ̀lé e. Orí lásán ni wọ́n fi sin ín.

Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ lọ sí pápá Aldershire lọ́jọ́ eré, ẹ bèèrè Maureen Hingley nídìí ìkòkò tíì, obìnrin tí orí rẹ̀ tóbi díẹ̀. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ilé Netherlow náà ló ṣì ń gbé; á mú yín lọ, á sì fi ìṣó hàn yín lára ògiri, níbi tí kò ti sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ra tíì, kí ẹ sì ṣí fìlà yín kí ẹ tó bi í.